Lẹ́tà sí bàbá mi: àmì àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Stokesay

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá ní ẹ̀yìn ṣì ń dùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ máa bá yín gbé pákó.

Ọ̀rọ̀ ilé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Stokesay Castle lorúkọ rẹ̀, ó wà nítòsí Ludlow, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Laurence, olówó tó ń ta irun àgùntàn, ló ra ilẹ̀ náà ní 1281. Ní 1291, Ọba Edward Kìíní fún un láṣẹ láti mọ odi sí i. Àmọ́ kò pẹ́ gbádùn rẹ̀: omi òkun gbé e lọ ní 1294.

Bàbá, ẹ bá mi wo òrùlé gbọ̀ngàn ibẹ̀! Gbọ̀ngàn náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 54, ó fẹ̀ tó 31, síbẹ̀ kò sí òpó kankan láàárín, igi kankan ò sì dábùú láti ògiri dé ògiri. Igi ńláńlá tó tẹ̀ bí ọrun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, ní ibi mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló wá so ó pọ̀. Láyé Laurence, àárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà ni wọ́n ti ń dáná, láìsí ṣímínì. Olówó wà nínú yàrá rẹ̀ lókè, ó ń gba ojú fèrèsé kékeré méjì wo àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ ni mo ti dúró pẹ́. Odindi igi ni wọ́n gbẹ́ fún ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó sì ti lé ní 700 ọdún. Àmì àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì wà lára igi ibẹ̀, ìlà tí wọ́n fi irin fín, kí wọ́n lè mọ èyí tó bá èyí mu. Ojú mi kún fómi. Pẹ́ńsùlù tí ẹ máa ń fi sétí ni mo rí lójú ọkàn mi: ìlà kan sára igi kìíní, méjì sára ìkejì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀ ń kọ́ mi ní òǹkà ni.

Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó nilé là ń dárúkọ. Òótọ́ ni, orúkọ Laurence ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ tó háyà ibẹ̀ sọ gbọ̀ngàn náà di aká, títí ẹnìkan fi rà á ní 1869 tó tún un ṣe. Òrùlé yẹn ò wó.

Tí mo bá délé ní Kérésì, mo fẹ́ gun àjà ilé wa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ sọ fún mi: ibo ni ìlà tiyín wà?

Ọmọ yín.