Ẹni Tó Ń Bi Oúnjẹ Kì í Ṣe Ọmọ Àkẹ́bàjẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹnì kan ti ní ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni àwọn tó ń jẹun tán tí wọ́n sì ń lọ bì í, ni mo ń fèsì sí. Èmi gan-an wà lára wọn. Peckham ní London ni mò ń gbé, Ìjẹ̀bú-Òde sì ni àwọn òbí mi ti wá. Bulimia ni dókítà pe àìsàn náà. Èébì ti jẹ eyín mi, èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ mi sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọkàn mi má dáwọ́ dúró. Ta ni yóò fi ìyẹn ṣe fàájì?

Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n fi tọ́jú mi: èmi àti obìnrin kan nínú yàrá kékeré, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mọ́mì mi ní, "Ṣé ẹnu lásán ni wọ́n á fi wò ẹ́ sàn?" Èmi náà lérò pé ìwàásù ló ń bọ̀. Kò wàásù rárá. Ìwé ló fún mi, pé kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sílẹ̀, aago tí mo jẹ ẹ́, àti ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ odindi búrẹ́dì kan sí i, tí mo sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àǹtí mi kan sọ níbi ìgbéyàwó pé aṣọ ẹbí ò gbà mí mọ́. Ó kà á, ojú rẹ̀ ò yí padà. Inú ìwé yẹn la ti rí i pé ọjọ́ tí mo bá febi pa ara mi láti àárọ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo máa ń jẹ àjẹkì. Ló bá ní wákàtí mẹ́rin ò gbọdọ̀ kọjá kí n má fi nǹkan sẹ́nu. Ètò ìtọ́jú tí Christopher Fairburn, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Oxford ni obìnrin náà ń lò, nǹkan bí ìjókòó 20.

Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́jú mi ṣáájú obìnrin yìí, pasta àti sáńwíìsì nìkan ló mọ̀. Oúnjẹ ilé wa ò sí nínú ìwé rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ. Obìnrin yìí ní kí n gbé ẹ̀bà wá. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò níwájú rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, a wá jókòó títí ìfẹ́ láti lọ bì í fi kúrò lára mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìfẹ́ yẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní kí mọ́mì mi wá. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ara mi mọ́, ì báà ṣe pé mo sanra ni tàbí mo rù. "Káàbọ̀, ọmọ mi" ni mò ń bá nílé báyìí. Kí ẹbí máa kópa nínú ìtọ́jú ò ṣàjèjì sí wa: ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, jẹ́ kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nígbà ìtọ́jú.

Ẹ̀bẹ̀ mi, Olóòtú: bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí àìsàn yìí, ẹ má tẹ iye kílò ẹnikẹ́ni jáde, ẹ má sì fi àwòrán eegun ìhà síbẹ̀. Nígbà tí ara mi ò yá, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń tọ́jú pamọ́, tí mo ń fi ara mi wé. Ẹ kúkú kọ ọ́ pé kí òbí tó bá rí i pé ọmọ òun ń bi oúnjẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì béèrè ẹni tó máa jókòó bá a sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Peckham, London