Wọ́n sọ ọmọ tó lọ ṣe I.T. di ìránṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin parí I.T. rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ ní ilé-iṣẹ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kà ní yunifásítì, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Àgbárá ló sì ti lo oṣù mẹ́fà gbáko. Mo ní kó jẹ́ kí n wo lọ́ọ̀gìbúùkù rẹ̀, ìwé tó ń kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun bá wọn tún ẹ̀rọ tó ń mọ ike ṣe. Mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe tún un ṣe fún mi. Ọmọ dákẹ́. Ó wá ní bí wọ́n ṣe ní káwọn kọ ọ́ nìyẹn. Fọ́tókọ́pì ló ń ṣe, òun náà ló ń lọ ra ẹ̀wà àgànyìn fáwọn ọ̀gá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sí gbogbo ojú ìwé náà!

Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti dá SIWES, ètò tó bí I.T. yìí, sílẹ̀, kí ọmọ tó ń kàwé lè fojú rí iṣẹ́, kó sì fọwọ́ kàn án. Òfin ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn fún àjọ náà. Owó wà, òfin wà. Àwọn tó yẹ kó lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù jọ, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ìránṣẹ́.

Yunifásítì náà ò gbẹ́yìn. Lẹ́tà kan ni wọ́n ń há fún àwọn ọmọ, kí kálukú máa gbé e kiri ẹnu géètì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá mọ ọ̀gá kan ló ń ríbi gidi wọ̀.

Kí yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ jọ tọwọ́ bọ̀wé kí ọmọ tó kúrò nílé. Kí ìwé náà dárúkọ ẹ̀rọ tí ọmọ máa fọwọ́ kàn àti ẹni tó máa kọ́ ọ. Kí olùkọ́ yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, kó ní kí ọmọ tú ẹ̀rọ kó sì tò ó padà lójú òun. Kí ilé-iṣẹ́ náà rí nǹkan jẹ níbẹ̀: bí iṣẹ́ kan bá rú wọn lójú, kí wọ́n gbé e wá fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wò. Èyí tó bá sì sọ ọmọ di ìránṣẹ́, kí wọ́n má fún un lọ́mọ mọ́.

Kí àjọ ITF sì máa san owó ìrànwọ́ àwọn ọmọ yìí nígbà tí wọ́n ṣì ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan, Ìbàdàn