Àjàní, má sọ fún mi mọ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe ọ́

Àjàní, ọmọ mi,

Owó tó o fi ránṣẹ́ ti dé, wà á jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo ti mú díẹ̀ níbẹ̀ fún bírílà tó ń tún balùwẹ̀ ṣe. Bùkọ́lá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òjò ò jẹ́ ká sá aṣọ.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Wọ́n ní o ń mu sìgá. Wọ́n tún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún ọ ní Leeds, o ti jù ú sínú dúrọ́ọ̀, o ní kò sí ohun tó ń ṣe ọ́. Má wádìí ẹni tó sọ fún mi. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, o tẹ̀ ẹ́ sí mi pé o wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ kì í parí nílùú òyìnbó ni?

Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́. Ta ló sọ fún ọ?

O mọ̀ pé àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Fara balẹ̀, jẹ́ kí n kọ́ ìwọ náà. Nínú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ, láti ọkàn dé ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tẹ́ sára ògiri rẹ̀, ìpele kan péré. Endothelium là ń pè é. Òun ló ń pinnu ohun tó máa ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ara ògiri yẹn. Nígbà tí bírílà ṣí táìsì balùwẹ̀ wa, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ ojú táìsì ṣì ń dán; símẹ́ńtì àárín wọn ló ti sán. Bí tinú iṣan náà ṣe ń rí nìyẹn, àfi pé táìsì ò lẹ́mìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru.

Ní 1980, Robert Furchgott, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn, l'Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Iṣan ńlá ehoro ló fi ṣe é. Ó kán kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sí i. Bí wọ́n bá ti ha inú iṣan náà nígbà tí wọ́n ń gé e, ṣe ló ń sún kì. Bí wọn ò bá ha á, á dẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀! Afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide ló fi ń ránṣẹ́, wọ́n sì fún Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. Nitric oxide yìí kan náà ni èéfín sìgá ń bàjẹ́. Ìwọ sì ń fi owó ra èéfín.

Bí agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ti dín kù, ọ̀rá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri á máa yọ́ wọlé, òmíràn á gba àárín wọn, òmíràn á gba inú sẹ́ẹ̀lì gan-an kọjá. Á há sára ògiri, á bàjẹ́ síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun á wọlé tẹ̀lé e, wọ́n á máa gbé e mì títí wọ́n á fi kún bámúbámú. Bí òkìtì ọ̀rá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ògiri iṣan nìyẹn. Ibi tí iṣan bá ti pín sí méjì ló ń fẹ́ràn jù, bíi ti ọrùn. Níbi tí iṣan bá ti gún, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn geere, àwọn sẹ́ẹ̀lì á na ara wọn tọ ọ̀nà tó ń gbà. Níbi tó bá ti yà, ẹ̀jẹ̀ á máa yí bírí, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á rí róbótó, wọn ò ní tò, ọ̀rá á sì tètè ráàyè wọlé. Kò sẹ́ni tí iṣan rẹ̀ ò yà. Ìwọ lo wá fi sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Kò sì ní dùn ọ́, Àjàní. Ọjọ́ tí òkìtì yẹn bá ya ni ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí.

Má sọ pé ọmọdé ni ọ́. Ní 1953, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí òkú ọmọ ogun 300 tó kú sójú ogun Kòríà. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, kò ju bí ọdún 22 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 77 tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ nínú iṣan ọkàn wọn. Kò sí ohun tó ń ṣe àwọn náà, ogun ló pa wọ́n.

Bàbá rẹ náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò nílé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jẹ́ 180/110, ó ga gan-an. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣe àwọn, kí n bu iyán. Mo bu iyán. Èmi nọ́ọ̀sì! A ń múra òkú ìyá wọn lọ́wọ́, mi ò fẹ́ ariwo. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá wọn dúbúlẹ̀, tí ẹbí ń pariwo pé aráyé ni, mi ò jiyàn. O jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn rẹ, o bi mí pé ta ni aráyé ọ̀hún, mo ní kó o lọ sùn. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí wọ́n máa wá ọ̀tá kiri ju kí ẹnikẹ́ni bi mí léèrè ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ. Aráyé kọ́, Àjàní. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mo sì mọ̀.

Nítorí náà, bí o bá rò pé nǹkan ilé wa ò gba oògùn òyìnbó, èmi ni mo jẹ́ kó o rò ó.

Mi ò fẹ́ bú ọ. Tó bá ṣeé ṣe ni, màá wá se ẹ̀fọ́ rírò fún ọ, màá sì gba páálí sìgá yẹn lápò rẹ, ọlọ́rí kunkun! Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í di kùnrùngbùn. Bí o bá jáwọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ sípò. Bí o bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré lórí wọn, wọ́n á túbọ̀ máa ṣe nitric oxide. Ṣùgbọ́n padà sídìí oògùn rẹ ná. Bí kò bá bá ọ lára mu, sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀, má dá a dúró fúnra rẹ.

Má fi owó táìsì ránṣẹ́ mọ́. Fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó o tó tẹ̀ ẹ́, má mu sìgá tàbí kọfí ṣáájú. Ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà sí WhatsApp Bùkọ́lá láràárọ̀. Fọ́tò ni mo wí o, má kọ nọ́ńbà sí mi, mo mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Mo ti di èlùbọ́ rẹ. Ìyàwó pásítọ̀ ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún, òun ni màá fi rán. Lọ gbà á lọ́wọ́ wọn fúnra rẹ, mo ti ní kí wọ́n gbóòórùn aṣọ rẹ.