Àṣàbí, máa kọ ọ́ lọ

Ṣómólú, Èkó.

Àṣàbí ọmọ mi,

Mo ti ka orí mẹ́ta ìwé ìtàn ìfẹ́ rẹ tó o fi ránṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo bẹ̀rẹ̀, oorun kò sì kun ojú mi títí mo fi kà á tán. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń kà tó bẹ́ẹ̀, mo ní ìwé ọmọ wa ni.

O ní ojú ń tì ọ́. O ní obìnrin ẹni ọdún 46, ìyá ọmọ mẹ́ta, tó fi ọdún 19 ka owó ní báńkì kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé, kí ló ń wá nídìí ìtàn olólùfẹ́. Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́. Balaraba Ramat Yakubu wà ní Kano, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi í fọ́kọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ló ti wá kọ́ ìwé, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ kọ ìwé ìtàn ìfẹ́ ní èdè Haúsá. Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Àwọn obìnrin náà kò torí ìyẹn gbé bírò wọn sílẹ̀. Ta ló wá ń dáná sun tìrẹ?

Ṣé o rántí ìwé ìtàn ìfẹ́ àwọn òyìnbó, Mills & Boon tí ìyá rẹ bá lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì rẹ nígbà tó o wà ní sẹ́kọ́ńdírì? Ó fẹ́ fi dáná. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú, ojú ìwé bíi mẹ́wàá ti já. Mo tò wọ́n, mo fi góòmù sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi páálí tuntun bò ó, mo gbé irin méjì lé e lórí di àárọ̀. O rí i lórí tábìlì rẹ, o kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Mo kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin inú rẹ̀ ga, ó lówó, kì í rẹ́rìn-ín, ìlú wọn tutù. Ọkùnrin yẹn gan-an ni mo tún bá pàdé ní orí kejì rẹ. O mú un wá sí Bódìjà, o sọ ọ́ ní Délé, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ará Lọ́ńdọ̀nù. Níbi tó ti ń sọ fún ọmọbìnrin náà pé òun ti sọnù sínú ẹyinjú rẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọkùnrin Ìbàdàn wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Ìyá rẹ kò fi orúkọ mi pè mí rí. “Bàbá Àṣàbí” ni, láti ọjọ́ tí a ti bí ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, “Àkànní.” Ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbogbo ara mi ló gbọ́ ọ. Jẹ́ kí obìnrin inú ìwé rẹ má pe oríkì ọkùnrin náà títí ìtàn á fi dé góńgó, kó wá pè é lẹ́ẹ̀kan, kó o sì wo ohun tó máa ṣe ẹni tó ń kà á.

Ẹ̀yìn káńtà tó o jókòó sí fún ọdún 19, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ wà. Ìwọ lo sọ fún mi nípa bàbá arúgbó tó máa ń wá gba owó ìfẹ̀yìntì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ni í di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, tí í tẹ̀ ẹ́ sí íǹkì, tí í tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tí í wá tutọ́ díẹ̀ sí etí ìró rẹ̀ láti fi nu íǹkì náà kúrò. O ní lọ́jọ́ kan báńkì kún, àwọn èèyàn ń kùn lẹ́yìn wọn, ìyá náà kò kánjú, ó ń nu ìka náà lọ. O kọ orí mẹ́ta, àwọn méjèèjì kò sí níbẹ̀!

Ní ti owó, fetí sí mi dáadáa, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Má fi owó tí báńkì san fún ọ tẹ̀wé. Olùkọ́ kan tó fẹ̀yìn tì kó owó rẹ̀ wá bá mi nígbà kan, ó ní kí n bá òun tẹ ẹgbẹ̀rún méjì. Pílètì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ ìwé, ló ń gba owó nínú iṣẹ́ wa; bó o bá ti ṣe pílètì tán, bí ìwé bá ṣe pọ̀ tó ni iye tí ọ̀kan ń náni ń dínkù tó. Iye tó ń dínkù yẹn ló fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Mo mọ̀ pé kò ní rí i tà, mo sì gba owó rẹ̀. Ó kó ọ̀ọ́dúnrún lọ, kò padà wá. Ìyókù wà lábẹ́ àtẹ̀gùn mi fún ọdún mẹ́jọ, tí eku ń jẹ ẹ́. Ó ń dùn mí dòní pé n kò la ọ̀rọ̀ yé e.

Ọmọ rẹ ọkùnrin ti fi ti Amazon, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, hàn mí lórí fóònù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ kó o tó gbé ìwé síbẹ̀, bí ẹnì kan bá sì ra ẹ̀dà kan, ẹ̀dà kan náà ni wọ́n á tẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kà lórí fóònù, bó o bá fi iye rẹ̀ sí àárín dọ́là 2.99 àti 9.99, ìdá 70 nínú 100 lè jẹ́ tìrẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan; láwọn ibòmíràn, 35 ni. Ka àdéhùn wọn bó o ṣe máa ń ka ìwé àwọn tó wá yá owó. Tọ́jú ẹ̀dà tìrẹ sí ibi méjì mẹ́ta, torí OkadaBooks, ibi ìtàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ń lò, kógbá wọlé ní ọdún 2023.

Fi orí kẹrin ránṣẹ́ bó o bá ti kọ ọ́ tán, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ojú mi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti ra bírò pupa.

Ìyá tó ń nu íǹkì yẹn, o kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹ́ bi ọ́: ṣé ọjọ́ kan wà tó dá nìkan wá?

Èmi ni bàbá rẹ.