Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọmọ yín tó wà l'Amẹ́ríkà sí gbèsè

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi tó ti gba ìwé ọmọ ìlú l'Amẹ́ríkà ríṣẹ́ síbì kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fáwọn ológun wọn, wọ́n ní kó tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba á wádìí ẹ̀ bóyá ẹni tó ṣeé fi àṣírí ìlú hàn ni, sikiọ́ríìtì kílíráǹsì ni wọ́n ń pè é. Fọ́ọ̀mù SF-86 tí wọ́n gbé fún un lé ní 100 ojú ìwé. Ló bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé Màmá, ẹ bá mi kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí bàbá mi bí, ọjọ́ ìbí wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, títí kan ìyàwó bàbá mi. Mo mú báírò, mo jókòó sáàárín agbo ilé, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ariwo ṣe ta. Ìyàwó kékeré ní òun ò ní fi ọjọ́ ìbí òun ránṣẹ́ síjọba òyìnbó láéláé, bàbá kan nínú ẹbí ní kó kúkú kọ ọ́ pé òun ò lẹ́nì kankan ní Nàìjíríà mọ́.

Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ sínú fọ́ọ̀mù yẹn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura, bẹ́ẹ̀ kéèyàn ní ẹbí nílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò láti oṣù Kẹfà ọdún 2017, nǹkan 13 ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ẹbí tó wà lókè òkun jẹ́ ọ̀kan, gbèsè náà jẹ́ ọ̀kan. Ti ẹbí, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan lè fi wá halẹ̀ mọ́ ọmọ náà kó tú àṣírí, ìyá tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Jagun ò sì lè rí bákan náà lójú wọn pẹ̀lú ẹni tó di ipò ńlá mú nínú ìjọba.

Gbèsè ló dá ọmọ wa dúró. Nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, àwa la ní ọmọ Amẹ́ríkà ò lè sin òkú bí òkú tálákà, màlúù méjì, kánópì, aṣọ ẹbí, olórin, kò sẹ́nì kan nínú wa tó bi í pé níbo lo ti rówó, èmi náà ò bi í. Kirẹ́díìtì káàdì ló fi yá gbogbo ẹ̀. Fọ́ọ̀mù wá ń béèrè gbèsè tí èèyàn jẹ tó fi lé ní 120 ọjọ́ láìsan láàárín ọdún 7, ó sì ní méjì. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ẹni tí gbèsè bá fún lọ́rùn lè ta àṣírí. Wọ́n máa ń ro ti àìsàn, iṣẹ́ tó bọ́ tàbí ikú mọ́ èèyàn lára, tó bá ti bá àwọn olówó ṣàdéhùn tó sì ń san án lóṣooṣù, àmọ́ ikú lọ̀tọ̀, màlúù méjì lọ̀tọ̀. Ó ti ń san án báyìí, ó ń tọ́jú rìsíìtì, a ṣì ń retí èsì.

Ẹ jọ̀ọ́, tọ́mọ bá ní òun ò lówó, ẹ gbà á gbọ́. Ìrántí ọdún kejì bàbá ẹ̀ ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, àwọn kan ti tún ń dárúkọ màlúù. Mo ti sọ fún wọn pé àkàrà àti ẹ̀kọ la máa fi ṣe é, èmi ni mo sì máa ra ẹ̀wà.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.