Sí Bíọ́dún, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ etí ọ̀sà

Leigh-on-Sea, Essex

Bíọ́dún ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí Màmá. Inú mi dùn pé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè díẹ̀. Tiwa náà kò burú níbí, àfi òtútù, òun náà sì ti mojú wa.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo rẹ́rìn-ín títí. O ní kí ni àgbàlagbà ń wá létí ẹrẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó ń ka ẹyẹ tí kì í ṣe adìẹ ilé rẹ̀. Ìbéèrè kejì ló wá le: ṣé kí a jọ dáwó ra púlọ́ọ̀tì méjì níbi tí wọ́n ń da yanrìn dí létí ọ̀sà l'Ékòó lọ́hùn-ún? Ìdáhùn kan náà ni mo ní fún méjèèjì, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Ibi tí odò Thames ti ń fẹ̀ wọ inú òkun ni mò ń gbé. Bí omi bá kún, o ò ní mọ ibi tí odò parí sí. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ ló kù, dúdú, tó ń dán, tó lọ rẹrẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ilẹ̀ ṣòfò. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀ kí o wò ó: ìsáwùrú tí kò tó hóró ìrẹsì, ekòló pupa, akàn wẹ́wẹ́. Àwọn ẹyẹ tí ẹnu wọn kúrú ń ṣa tòkè jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní curlew, ẹnu tirẹ̀ gùn, ó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀. Á ti ẹnu náà bọnú ẹrẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, á wá fa ekòló yọ wọ́ọ́rọ́. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn du oúnjẹ.

Tó bá di oṣù kẹwàá, brent goose, irú pẹ́pẹ́yẹ igbó dúdú kan, á ti Siberia dé wá jẹ koríko tó ń hù lórí ẹrẹ̀ yìí. Black-tailed godwit á ti Iceland dé. Àwọn mìíràn kàn ń yà jẹun ni, bíi whimbrel, ìbátan curlew, tó ń lọ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹyẹ kékeré kan sì wà tí ìwọ náà mọ̀ dáadáa, èyí tó máa ń mi ìdí ṣáá lórí gẹdú ní èbúté nígbà ọyẹ́. Common sandpiper ni wọ́n ń pè é níbí. Yúróòpù ló ti ń pamọ, ọ̀dọ̀ yín ló ń sá òtútù wá. Ṣé o rí bí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Benin ṣe máa ń yà ní Ọ̀rẹ̀ kí èrò jẹun? Tí gbogbo búkà Ọ̀rẹ̀ bá tì, èrò ọkọ̀ lè fi ebi dé ilé. Ẹyẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ ni epo tó fi ń fò.

Ìdí tí a fi ń kà wọ́n nìyẹn. Jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí a kò sanwó fún ń ka ẹyẹ omi lóṣooṣù, nígbà tí omi bá kún, tó lé wọn kúrò lórí ẹrẹ̀, tí wọ́n sì kóra jọ sójú kan. Iye tí a bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé jáde bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ nǹkan síbẹ̀. Ajá ni ìyọnu wa. Ọ̀kan á já wọ àárín wọn, gbogbo wọn á bú sókè, a óò bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ẹni tó bá sì bá ajá wọn wí níbí ti tọ́ ìjà ńlá.

Jẹ́ kí n sọ ti Lappel Bank fún ọ. Ẹrẹ̀ ni, ó tó hẹ́kítà 22, ní ẹnu odò Medway lẹ́bàá èbúté Sheerness, òdìkejì Thames sí wa. Ní 1993, ìjọba pààlà sí Medway pé ibi ààbò ẹyẹ ni, ṣùgbọ́n wọ́n yọ Lappel Bank kúrò nítorí èbúté fẹ́ gbòòrò. RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù. Ní 1996, ilé ẹjọ́ ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ajé pààlà ibi ààbò ẹyẹ. RSPB jàre, ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ tó dé, àwọn èbúté ti dí ẹrẹ̀ náà pa. Mọ́tò ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀ báyìí.

Ìjọba ní láti fi òmíràn dípò. Ní 2006 ni wọ́n tó mọ̀ọ́mọ̀ wó odi tó ń sé òkun ní erékùṣù Wallasea, lápá àríwá wa, tí omi sì wọ oko ju ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́! Lẹ́yìn náà ni RSPB fẹ́ fi kún un níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ oko náà ti lọ sílẹ̀ jù, torí ilẹ̀ àbàtà tí a bá fa omi rẹ̀ gbẹ máa ń rì. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde lábẹ́ London fún rélùwéè Elizabeth line ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, ó lé ní mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù, kí wọ́n tó wó odi ibẹ̀ ní 2015. Bíọ́dún, wo ìnáwó ohun tí ẹrẹ̀ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ̀ pé ilé wọ́n l'Ékòó, ènìyàn kò sì lè sùn sórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń dí yẹn, igi ẹ̀gbà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹja àti edé ń dàgbà sí. Omi tí yanrìn bá sì lé, yàrá ẹlòmíràn ló ń wọ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá dé, tiwa náà kò ní yọ sílẹ̀.

Nítorí náà, mi ò bá ọ dáwó síbẹ̀. Má bínú. Bá wa wo apá Ìmọ̀ta tàbí Ọ̀dọ̀gùnyàn, ibi tí ilẹ̀ ti ga. Bó tilẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni, owó tèmi wà nílẹ̀.

Mo fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kan sínú ẹrù tó ń bọ̀, ti Káyọ̀dé ni. Kí ó máa gbé e lọ sí èbúté láàárọ̀ Sátidé, kí ó ka àwọn tó ń mi ìdí, kí ó sì kọ iye wọn ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá o.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Gbóyèga