Màámi, ẹ má fi ìjọ wa sílẹ̀

Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí Bàbá náà. Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní ìgbìmọ̀ ìjọ ti sọ ìsìn aago mẹ́wàá di ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sún ti Yorùbá sí aago méje, orin sì ti di ohun tí wọ́n ń tàn sára ògiri. Ẹ ní bó bá rí báyìí, ilé lẹ ó máa jókòó sí, kí ẹ máa gbọ́ ìwàásù lórí rédíò. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jàre o. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹ̀yin àgbà jókòó, mo sì ti sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìsìn Yorùbá tó ń dùn wá yìí, tuntun lòun náà nígbà kan. Oṣù kìíní ọdún 1844 ni Àjàyí Crowther fi Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown, ní Sierra Leone, fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi wàásù fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta wa níbẹ̀, ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ìlú tí ogun kó jọ ni Abẹ́òkúta nígbà yẹn, kò tíì pé 20 ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ìyá arúgbó yẹn gba ìrìbọmi ní 1848, ó di Hannah, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orin tí àwọn ìyá rẹ̀ kò gbọ́ rí. Bí mo bá wọ kàtídírà Canterbury, níbi tí wọ́n ti fi ọmọ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ìyá yẹn ni mo máa ń rò.

Màmá òyìnbó kan wà ní ìjọ wa níbí, ó ti lé ní 80 ọdún. Nígbà tí Kòrónà ti ṣọ́ọ̀ṣì pa ní 2020, mi ò tíì pẹ́ níbí, mi ò mọ ẹnì kankan. Màmá yìí mú ìwé orúkọ ìjọ, ó ń pè wá lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, màá bá ọbẹ̀ nínú ike lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ilé ìsìn, ìjọba kò gbà kí ìjọ kọrin. Ó wá, ó jókòó, ó ń fi ètè ka orin náà láìgbóhùn. Ní báyìí, àwa nọ́ọ̀sì láti Nàìjíríà àti Íńdíà la pọ̀ jù lórí ìjókòó. Wọ́n ń ta gìtá, kò fẹ́ gìtá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún fíkà, àlùfáà ìjọ wa níbí, lójú gbogbo wa. Síbẹ̀ iwájú ló ń jókòó sí. Bí n kò bá wá ní Sunday, òun ni yóò pè mí.

Bí ẹ ṣe rí nìyẹn ní ìjọ tiwa, Màámi. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀ pé ìyàwó kan ti bímọ, pé bàbá kan kò jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣètò ògiri yẹn kò mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò kọ́ wọn bí ẹ bá jókòó ti rédíò?

Ẹ bá Alùfáà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́: kí orin Yorùbá kan máa wà nínú ìsìn aago mẹ́wàá, kí àwọn akọrin ọ̀dọ́ sì wá kọ́ ohùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá. Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n fún ọkọ̀ tí yóò máa gbé yín ní òwúrọ̀, àti fún awò ojú Bàbá. N ó pè yín lálẹ́ Sátidé, kí ẹ sọ ohun tí Alùfáà wí fún mi.

Ọmọ yín ni mí.